Èémí Mẹ́rìndínlógún

Ìhòòhò ni Ọ̀gá wà lórí òṣùwọ̀n, ó ń ju ẹsẹ̀ sókè sódò bí ẹni tí ìjà ń wù, nígbà tí ìyá rẹ̀ rí i pé ẹ̀rọ kò sí lára ìlédìí tí òun ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ kúrò nídìí rẹ̀. Ọmọ oṣù mẹ́rin ni. Wọ́n ń pè é ní Ọ̀gá nítorí pé igbe ló fi ń pàṣẹ nínú ilé, kò sì sẹ́ni tó ń bá a jiyàn.

Ìyá Ọ̀gá gbọn ìlédìí náà. Ó yẹ aṣọ ọmọ wò, ó yẹ ìbọ̀sẹ̀ wò, ó ki ọwọ́ bọ báàgì títí dé ìsàlẹ̀, níbi tí èérún bisikíìtì máa ń kó jọ sí. Kò rí nǹkan kan.

“Kí lò ń wá?” nọ́ọ̀sì béèrè. Nọ́ọ̀sì yìí kì í ṣe àjèjì sí i. Òun ló gbẹ̀bí ọmọ náà, òun náà ló sì di ọwọ́ ìyá rẹ̀ mú ní ọdún méjì sẹ́yìn, lọ́jọ́ tí gbogbo àwọn yòókù kò mọ ohun tí wọ́n lè sọ.

“Ẹ̀rọ rẹ̀ ni, mà. Èyí tó ń ka èémí. Ara ìlédìí la máa ń há a mọ́. Láti ibi iṣẹ́ ni mo ti yà gbé ọmọ, ẹnu ọ̀nà sì ni ìyá ọkọ mi ti gbé e lé mi lọ́wọ́.”

“Bóyá ó bọ́ sílé.”

“Kò lè bọ́ sílé. Tó bá bọ́, fóònù mi á ti pariwo tí gbogbo ilé ìwòsàn yìí á gbọ́.” Ó yọ fóònù jáde láti fi hàn án.

Iná aláwọ̀ ewé ń ṣẹ́jú lójú fóònù, jẹ́ẹ́jẹ́. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ iná náà gàdàgbà pé ọmọ ń mí dáadáa. Mẹ́rìndínlógún ní ìṣẹ́jú kan.

Nọ́ọ̀sì gbé gíláàsì rẹ̀ wọ̀. Ó wo fóònù, ó wo Ọ̀gá tó ń sín lórí òṣùwọ̀n, ó tún wo fóònù.

“Ọmọ rẹ nìyí,” ó wí. “Èémí ta wá nìyẹn?”

Ìyá Ọ̀gá tún wo iná náà. Wọ́n ti ṣàlàyé ẹ̀rọ náà fún un lọ́jọ́ tí wọ́n rà á. Àpótí kékeré kan wà nílé tí ẹ̀rọ ń bá sọ̀rọ̀, àpótí yẹn ló ń fi iye èémí ránṣẹ́ sí fóònù níbikíbi tí ìyá bá wà. Tí ẹ̀rọ bá jìnnà sí ilé, iná á di aláwọ̀ eérú. Tó bá já bọ́, fóònù á han gooro. Iná yìí kò yí àwọ̀, fóònù kò sì han. Ẹ̀rọ wà nílé, ó wà lára ẹni tó ń mí.

Nọ́ọ̀sì gbé ọwọ́ lé ikùn ọmọ, ó tẹ ojú mọ́ aago ọwọ́ rẹ̀ títí ìṣẹ́jú kan fi pé. “Mẹ́rìndínlógójì. Bó ṣe yẹ kí ọmọ oṣù mẹ́rin máa mí nìyẹn, nǹkan bí ọgbọ̀n, ogójì. Mẹ́rìndínlógún jẹ́ ti àgbàlagbà tó jókòó sójú kan. Fún mi ní fóònù yẹn.” Ó tẹ ibì kan, ó tẹ ibòmíràn. “Wọ́n ń lo ẹ̀rọ yìí fún àwọn arúgbó tó ń ṣàìsàn pẹ̀lú, àbí? Wò ó níbí. Wọ́n ti yí i kúrò ní ti ọmọdé sí ti àgbàlagbà. Ìyẹn ni kò fi pariwo. Ṣé ìwọ lo yí i?”

“Rárá, mà.”

“Báwo ni ọmọ yìí ṣe ń sùn lọ́sàn-án?”

“Ẹ̀yìn ni. Bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe kọ́ mi. Orí fóòmù tó le, kò sí ìrọ̀rí, kò sí kúbùsù, kò sí ohun kan tó lè bò ó nímú.”

Nọ́ọ̀sì rọra yí orí ọmọ. “Kí wá lèyí?”

Àpá oorun wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì Ọ̀gá, ó ti tẹ̀ wọlé dáadáa: òdòdó kékeré kan, ewé márùn-ún yí i ká. Ìyá Ọ̀gá mọ òdòdó náà. Òun fúnra rẹ̀ ló fi abẹ́rẹ́ kọ ọ́ sára àpò ìrọ̀rí méjì tó fi ta ìyá ọkọ rẹ̀ lọ́rẹ lọ́dún tó kọjá. Òwú pupa ló lò, ó ṣe é tọkàntọkàn, ó sì tó oṣù kan kó tó parí rẹ̀.

“Gbọ́ mi,” nọ́ọ̀sì wí, ó ń wọ aṣọ fún ọmọ. “Bí ẹ̀rọ bá tiẹ̀ wà lára rẹ̀ gan-an, kì í ṣe ẹ̀rọ ló máa tẹ́ ọmọ sùn. Ó kàn lè pariwo fún ọ tí nǹkan bá ti ṣẹlẹ̀ tán ni, nígbà mìíràn kò sì ní pariwo rárá. Ọwọ́ tó tẹ́ ọmọ sílẹ̀ ni kó o lọ wò.”

Ìyá Ọ̀gá pọn ọmọ, ó sì jáde. Ó gbàgbé káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára sórí tábìlì, nọ́ọ̀sì ló sáré mú un tẹ̀ lé e.

Ọmọbìnrin ni àkọ́bí Ìyá Ọ̀gá. Oṣù mẹ́ta àti ọjọ́ mélòó kan ló lò láyé. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ìyá rẹ̀ dojú rẹ̀ dé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, kí àwọn méjèèjì lè rẹjú díẹ̀. Ìyá jí, ọmọ kò jí. Àwọn dókítà wá gbogbo ohun tí wọ́n lè wá, wọ́n ní àwọn kò rí ìdí kan pàtó. Láti ìgbà náà ni obìnrin yìí kò ti gba oorun gbọ́ mọ́, ìbáà jẹ́ tirẹ̀, ìbáà jẹ́ ti ẹlòmíràn.

Nígbà tí wọ́n bí Ọ̀gá, ọkọ rẹ̀ gbé ẹ̀rọ náà wálé. Iṣẹ́ fóònù títún ṣe ni ọkọ rẹ̀ ń ṣe, kò sì sí ohun tó ń lo bátìrì tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń tú u palẹ̀. Ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó há a mọ́ ìlédìí ọmọ, ó ní, “Ojú rẹ kẹta nìyí. Èyí kì í tòògbé. Padà síbi iṣẹ́ rẹ pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀.” Ìyàwó rẹ̀ gbà á gbọ́. Lálẹ́, ojú rẹ̀ ló fi ń ṣọ́ ọmọ, ẹ̀rọ á máa gba iná lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ní ọ̀sán, ọwọ́ Màmá, ìyá ọkọ rẹ̀, ni ọmọ ń wà, ẹ̀rọ sì ń ṣiṣẹ́.

Àmọ́ ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ tó padà síbi iṣẹ́ kò rọgbọ. Ìgbà mẹ́ta ni fóònù han níbi iṣẹ́, ìgbà mẹ́ta ni Ìyá Ọ̀gá fi kọ́là aṣọ sílẹ̀ lábẹ́ abẹ́rẹ́, tó sáré délé pẹ̀lú òwú lọ́rùn. Ìgbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló bá Ọ̀gá tó ń fi ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣeré. Ẹ̀rọ ló tú kúrò lára ìlédìí. Màdáámù tó ni ilé iṣẹ́ ìránṣọ náà sọ ọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́ pé òun káàánú rẹ̀, àmọ́ tó bá di ẹlẹ́ẹ̀kẹrin, kó máa jókòó ti ọmọ rẹ̀ nílé. Ní ọjọ́ ìsinmi tó tẹ̀ lé e, ọkọ rẹ̀ mú ẹ̀rọ lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Nígbà tó dé, ó ní, “Mo ti tún un ṣe. Kò ní yọ ọ́ lẹ́nu mọ́.”

Kò sì yọ ọ́ lẹ́nu mọ́ lóòótọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko. Ìgbà kan ló béèrè lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀ pé kí ló dé tí nọ́ńbà náà lọ sílẹ̀ báyìí. Ọkọ rẹ̀ wò ó lójú, ó rẹ́rìn-ín. “Ọmọ ń dàgbà ni. Èémí rẹ̀ ń fara balẹ̀, bíi tìẹ náà.” Inú rẹ̀ dùn débi pé ó sọ ọ́ fún àwọn tí wọ́n jọ ń ránṣọ. Ó ń gbé fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ máṣíìnì rẹ̀ láràárọ̀, ó ń wo mẹ́rìndínlógún, ó ń kọrin sínú bó ṣe ń ṣiṣẹ́.

Nígbà tó ti ilé ìwòsàn délé, Màmá wà lórí àga lẹ́bàá fèrèsé, ó ń ká aṣọ ọmọ. Arúgbó tó mọ́ tónítóní ni Màmá, tó máa ń lọ ìbọ̀sẹ̀ pàápàá.

“Ẹ ti dé? Báwo ni Ọ̀gá mi? Ṣé kò fi ìtọ̀ bá nọ́ọ̀sì wí?”

“Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde.”

Màmá dìde, aṣọ ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀rọ náà wà níbẹ̀, ní ìbàdí, wọ́n há a mọ́ etí síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ níbi tó ti kan ara. Iná ewé ń ṣẹ́jú.

Arúgbó náà tẹ̀ lé ojú ìyàwó ọmọ rẹ̀, ó sì gbé ọwọ́ bo ìbàdí. Ó ti pẹ́ jù.

“Ha,” ó ní. “Jókòó ná, ìyàwó mi.”

“Mi ò jókòó, mà.”

“Ọkọ rẹ ló ní kí n fi síbẹ̀. Ó ní ẹ̀rọ náà ń purọ́ ikú mọ́ ọmọ, pé ó máa gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ. Ó ní ọ̀sẹ̀ kan péré, kí ara rẹ fi wálẹ̀.”

“Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà rèé.”

“Mo mọ̀.” Màmá fi àtẹ́lẹwọ́ nu ojú. “Ṣé o rò pé ó rọ̀ mí lọ́rùn ni? Láti ìgbà yẹn, mi ò gun àtẹ̀gùn lásìkò iṣẹ́ rẹ mọ́. Ọjọ́ kan tí mo gbé omi gòkè, ọkọ rẹ, tó ń rí i lórí fóònù tirẹ̀ náà, pè mí kíá pé nọ́ńbà ń sáré, pé wàá rí i. Mo bá jókòó. Tí ikọ́ bá fẹ́ gbé mi, díẹ̀díẹ̀ ni mo máa ń wú u. Mi ò fẹ́ kí àyà rẹ já.”

Ọ̀rọ̀ náà ì bá pa ènìyàn lẹ́rìn-ín tó bá jẹ́ nílé ẹlòmíràn. Arúgbó ẹni àádọ́rin ọdún ń ṣọ́ èémí ara rẹ̀ mí kí ìyàwó ọmọ rẹ̀ lè rán kọ́là.

“Ẹ̀yin ń mí fún mi, Màmá. Ta ló wá ń ṣọ́ ọmọ mi?”

“Èmi náà ni! Ṣé mo kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni? Ọmọ mẹ́fà ni mo tọ́.”

Ìyá Ọ̀gá ti wọ yàrá Màmá. Bẹ́ẹ̀dì ọmọ tí wọ́n fi igi yí ká, tí wọ́n gbé síbẹ̀ fún oorun ọ̀sán, wà ní kọ̀rọ̀, aṣọ tí wọ́n ká kún inú rẹ̀ fọ́fọ́. Kò sẹ́ni tó sùn níbẹ̀ lọ́sàn-án láti ìgbà pípẹ́. Orí bẹ́ẹ̀dì ńlá ni ìrọ̀rí olódòdó wà, ó wà láàárín gbùngbùn, kúbùsù méjì sì dènà fún un lọ́tùn-ún lósì. Kòtò kékeré kan wà lójú ìrọ̀rí náà. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ kàn án. Itọ́ ọmọ ṣì tutù níbẹ̀.

“Ìgbà tí mo bá fi ẹ̀yìn tẹ́ ẹ, ó ń ta gìrì,” Màmá wí láti ẹnu ọ̀nà. “Tí mo bá dojú rẹ̀ dé, á sùn fọnfọn. Gbogbo àwọn ọmọ mi ló fi ikùn sùn, ọkọ rẹ wà níbẹ̀.”

“Báyìí náà ni mo tẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Màmá.”

Màmá kúrò lẹ́nu ọ̀nà, ó wọlé. Lẹ́yìn náà ló rọra jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì, ó fa ìrọ̀rí náà mọ́ra bí ẹni tó fẹ́ gbé e pamọ́.

Ṣọ́ọ̀bù ọkọ rẹ̀ kò ju òpópónà méjì lọ. Ọkùnrin náà wà lábẹ́ iná rẹ̀, ó tẹ orí ba, fóònù kan wà níwájú rẹ̀ tó ti tú ìfun rẹ̀ jáde. Ìyá Ọ̀gá gbé fóònù tirẹ̀ kalẹ̀ láàárín àwọn nọ́ọ̀tì kéékèèké. Mẹ́rìndínlógún.

“Ọ̀gá ńkọ́?” ọkọ rẹ̀ béèrè.

“Ó wà lẹ́yìn mi.”

Ó gbé ojú sókè, ó rí orí ọmọ léjìká ìyá rẹ̀, ó tún wo nọ́ńbà náà. Ó rọra gbé irinṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

“Ta ló sọ fún ẹ?”

Nínú gbogbo ohun tí ènìyàn lè sọ, èyí ló kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀. Láti ilé títí dé ṣọ́ọ̀bù ni ìyàwó rẹ̀ ti ń fi ọkàn ro ọ̀kan péré, pé bóyá á ní, “Má bínú.”

“Òṣùwọ̀n ló sọ fún mi. Ọmọ wà lórí rẹ̀, èémí rẹ̀ sì wà nílé.”

“Jọ̀ọ́, gbọ́ mi. O ò jẹun nígbà yẹn. O ò sùn. Mò ń wò ọ́ bó o ṣe ń gbẹ lójú mi. Màdáámù ti ṣe tán láti lé ẹ. Mo fẹ́ kí ọkàn rẹ balẹ̀ ni. Ṣé kò balẹ̀ ni?”

“Ó balẹ̀,” ó dáhùn. “Ó balẹ̀ gan-an. Ohun tó ń dùn mí jù nìyẹn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo fi ń rẹ́rìn-ín sí èémí ìyá rẹ. Mo bi ọ́ léèrè, o wò mí lójú, o ní ọmọ ń dàgbà.”

“Mo ti ń wá ọ̀nà tí màá fi sọ fún ẹ.”

“Ṣé o mọ̀ pé wọ́n ń dojú rẹ̀ dé?”

Ọkọ rẹ̀ mú nọ́ọ̀tì kan, ó ń yí i láàárín ìka méjì.

“O mọ̀.”

“Màmá ní bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń sùn pẹ́. Kò ṣe é ní nǹkan kan. Wò ó, ó yó, ó sanra.”

“Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ náà sanra.”

Oníbàárà kan yọrí lẹ́nu ọ̀nà, ó ń rẹ́rìn-ín. “Ẹ kú iṣẹ́ o! Fóònù tèmi ńkọ́, ṣé ó ti jí?” Ìyá Ọ̀gá mú fóònù rẹ̀, ó gba ẹ̀gbẹ́ ọkùnrin náà kọjá. Ó gbọ́ tí ọkọ rẹ̀ ń sọ fún ọkùnrin náà pé ó kù díẹ̀, pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́ tó dùn gbọ́, ohùn kan náà tó fi sọ fún òun pé ó ti tún ẹ̀rọ ṣe.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Ìyá Ọ̀gá kó aṣọ kúrò nínú bẹ́ẹ̀dì ọmọ. Ó tú u palẹ̀, ó dì í mọ́ fóòmù rẹ̀ tó le, ó sì gbé e sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn fúnra rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ nawọ́ láti ràn án lọ́wọ́. Ó ní rárá. Màmá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó béèrè bóyá wọ́n á gbé ọmọ padà wá bá òun lọ́la. Ìyá Ọ̀gá pọn ọmọ, ó gbé ẹrù rẹ̀, ó sì ń lọ.

Níbi iṣẹ́, Màdáámù wo ẹrù náà láti orí dé ìsàlẹ̀.

“Mi ò ní sá lọ sílé mọ́, mà,” Ìyá Ọ̀gá sọ. “Àmọ́ ọ̀dọ̀ mi níbí ni ọmọ yìí á máa wà. Tí kò bá ṣeé ṣe, ẹ sọ fún mi báyìí kí n máa lọ.”

“Ariwo máṣíìnì ńkọ́?”

“Ó ti ń gbọ́ ọ láti inú mi, mà. Oṣù mẹ́sàn-án.”

Màdáámù ronú, ó fi ojú wọn àyè tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri bí ẹni wọn aṣọ. “Kó má ṣáà sún mọ́ tábìlì tí wọ́n ti ń gé aṣọ. Àlùmọ́gàjí pọ̀ níbẹ̀. Tó bá sì fi igbe pàṣẹ fún mi, màá dá a lóhùn o.”

Nígbà tó di agogo mẹ́wàá, oorun gbé Ọ̀gá. Ìyá rẹ̀ fi ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ́ ẹ, ọwọ́ méjèèjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí. Ó ta gìrì lẹ́ẹ̀kan, ó ta gìrì lẹ́ẹ̀kejì, ó sì sùn. Fóònù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ máṣíìnì níbi tó máa ń wà. Ọkọ rẹ̀ ti pè lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kò gbé e. Iná ewé ṣì ń ṣẹ́jú. Mẹ́rìndínlógún. Màmá kò tíì yọ ọ́.

Ó ń rán kọ́là kejì nígbà tí nọ́ńbà náà gbéra. Ogún. Mẹ́rìnlélógún. Mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Ó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí máṣíìnì. Ó lè jẹ́ àtẹ̀gùn ni arúgbó náà ń gùn. Ó sì lè jẹ́ ẹkún. Ó wò ó títí tí kò fi lè wò ó mọ́, ó bá pe Màmá.

“Ìyàwó mi.” Ohùn Màmá ń já.

“Màmá, ẹ yọ ẹ̀rọ yẹn kúrò lára yín. Ẹ mí bó ṣe wù yín.”

“Ṣé o ti dárí jì mí ni?”

“Rárá o, Màmá. Ẹ ṣáà yọ ọ́.”

Ó gbọ́ tí ẹ̀rọ ń tú kúrò lára aṣọ. Ó dá ìpè náà dúró, ó sì pa ariwo fóònù kó tó bẹ̀rẹ̀. Iná ewé lọ, nọ́ńbà lọ. Ìyá Ọ̀gá fa àga rẹ̀ mọ́ bẹ́ẹ̀dì ọmọ, ó gbé ọwọ́ lé e níkùn, ó wo aago ara ògiri, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà.